Ẹ̀yìn Kanlẹ̀

Bàbá bàbá mi jìjàkadì nígbà èwe rẹ̀.
Òfin kan ṣoṣo ló fi lé mi lọ́wọ́:
"Lámídì, bí ẹ̀yìn ọkùnrin bá ti kanlẹ̀, ìjà parí.
Gbọn yẹ̀pẹ̀ ara rẹ, kí o máa lọ sílé."

Ó ti di ará ọ̀run kí n tó lè sọ fún un
pé níbi tí mo ti ń jẹun báyìí,
ẹ̀yìn kanlẹ̀ ni ìjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀, táyà ni mò ń lẹ̀ ní oríta Ọláìyá.
Nírọ̀lẹ́, ó di ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ lẹ́yìn ojú irin
níbi tí Kóòṣì Ràímì tẹ́ fóòmù mẹ́sàn-án sí.
Ọ̀kan wá láti ilé ìwòsàn,
ọ̀kan ṣì ń rùn bí ìtọ̀ ọmọdé.
Àwọn ará àdúgbò ń bi mí: ẹ̀ṣẹ́ ni àbí kàràtè?
Mo ní ẹ̀ṣẹ́ wà níbẹ̀, ìpá wà níbẹ̀,
ọrùn fífún náà wà níbẹ̀.
Ìyá onílé ní, "Àwọn ọlọ́pàá ńkọ́, ṣé wọ́n mọ̀?"

Ọdún mẹ́rin ni mo fi jà lọ́fẹ̀ẹ́.
Mo ṣẹ́gun ọmọ Ìlá kan ní pápá ilé ẹ̀kọ́ lọ́nà Ìlobù:
wọ́n fún mi ní páálí indómì kan,
ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì bọ̀ mí lọ́wọ́.
Bí wọ́n bá ṣẹ́gun mi, ó di ẹ̀rín lọ́jọ́ kejì.

Ìgbà tó yá, ọkùnrin kan ti Èkó dé pẹ̀lú ìwé.
Ojú ewé méje. Mo buwọ́ lù ú lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀.
Láti ọjọ́ náà, ara mi kì í ṣe tèmi nìkan mọ́.
Kílò mẹ́rìndínláàádọ́rin, kò gbọdọ̀ lé.
Mo wọ ọ̀rá sábẹ́ súwẹ́tà, mo sáré gun Òkè-Fíà lọ́sàn-án gangan,
mò ń tutọ́ sínú agolo mílíìkì, mò ń ṣírò itọ́ bí owó.
Ìyá mi gbé ẹ̀kọ gbígbóná dé, mo kọjú sí ògiri.
Ó ní, "Ààwẹ̀ wo lèyí, tí kò ní ìṣínu?"

Wọ́n fi tírélà gbé àgò irin wá sí Òṣogbo.
Ọmọ Ṣakí ni wọ́n fi kò mí, Ọ̀jẹ́lábí.
Ó gbé mi sókè, ó sọ mí mọ́lẹ̀, gbì!
Ẹ̀yìn mi kanlẹ̀.
Mo gbọ́ tí bàbá àgbà mí ìmí ẹ̀dùn.

Mo ká ẹsẹ̀ mọ́ Ọ̀jẹ́lábí níbàdí bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n síwájú,
mo wá ọrùn rẹ̀ títí, mo rí i.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹta,
jẹ́jẹ́, bí abiyamọ ṣe ń gbá ọmọ lẹ́yìn kí ó lè gùnfẹ̀.
Mo tú u sílẹ̀.
Ohun tí Kóòṣì kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn, kí ó tó kọ́ mi ní ẹ̀ṣẹ́.

Aláró ni ìyá mi. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́.
Ó wo ojú mi bí ẹni wo aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú ìkòkò:
"Èyí á ṣí. Èyí á ṣí."
Ó dé ìpéǹpéjú, kò sọ nǹkan kan.

Kóòṣì mú tirẹ̀ nínú owó, ọkùnrin oníwèé mú tirẹ̀,
dókítà tó rán ìpéǹpéjú náà mú tirẹ̀.
Èyí tó kù ra páànù mẹ́rìnlá.
Mẹ́rìndínlógún ni òrùlé wa ń fẹ́.

Mo sùn sílẹ̀ lábẹ́ àyè méjì tó ṣẹ́ kù,
ìràwọ̀ ń wò mí, ẹ̀yìn mi kanlẹ̀.
Bàbá, ẹ má tíì máa lọ sílé.